Ohùn Tó Ń Há Lẹ́nu Iṣẹ́: Bí Ẹ Ṣe Máa Wá Eruku Rí, Kí Ẹ sì Tún Afẹ́fẹ́ Yàrá Ṣe

Láàárọ̀, ohùn á já gaara. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti ń há. Nígbà tí iṣẹ́ bá fi máa parí, ẹni tí ẹ pè lórí fóònù á bi yín pé, “Ṣé ara yín yá ṣá?” Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra súìtì oníminti, wọ́n á mu omi gbígbóná, wọ́n á máa ṣe “ẹhẹ̀n, ẹhẹ̀n” láti lé kelebe, wọ́n á sì padà sínú yàrá kan náà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, ohùn ò ní padà bọ̀ sípò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ọ̀fun ni wọ́n ń tọ́jú, afẹ́fẹ́ tí ọ̀fun ń fà ni wọn ò fọwọ́ kàn.

Ẹnikẹ́ni tó ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ níbi tí eruku wà ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún: olùkọ́, akọ̀wé, ẹni tó ń dáhùn fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, oníwàásù, akọrin, káfíńtà, bíríkìlà, télọ̀. Ẹ tẹ̀lé e bó ṣe tò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré ra ẹ̀rọ kó tó mọ ibi tí eruku ti ń wá, owó rẹ̀ á lọ, eruku á sì dúró.

Ohun kan péré ló yẹ kó yé yín kí a tó bẹ̀rẹ̀. Tán-án-ná méjì tó wà nínú gògóńgò ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ọkùnrin ń gbọ̀n bí ìgbà 100 sí 130, ti obìnrin bí ìgbà 180 sí 220. Omi fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ̀ ló bò wọ́n lára. Bí omi yẹn bá gbẹ, tàbí tí eruku bá sọ ọ́ di kelebe kíki, ẹ̀dọ̀fóró á ní láti ti afẹ́fẹ́ tagbáratagbára kí tán-án-ná tó lè gbọ̀n. Àfikún agbára yẹn lẹ ń gbọ́ bí àárẹ̀ nínú ọ̀fun. Imú ní irun àti omi tó ń mú eruku, ó sì ń mú kí afẹ́fẹ́ rin kó tó dé ọ̀fun. Àmọ́ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu ló fi ń mí. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè jókòó sínú yàrá kan náà, kí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ há, kí nǹkan kan má sì ṣe ẹni tó dákẹ́.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé kékeré kan àti bírò, àti fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀.
- Tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ lágbára, tó sì ń tàn lọ tààrà.
- Àwo dúdú pẹrẹsẹ mẹ́rin. Ike tàbí gíláàsì dára, bó bá ṣáà ti ń dán.
- Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí èyí tó ń wọn CO2 (afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí jáde) yá, ó dáa. Bí ẹ ò bá rí, kò burú.
- Aṣọ ìnuǹkan mẹ́fà tí kì í yọ òwú, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọṣẹ olómi, mọ́ọ̀pù.
- Ìbòmú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí lára.
- Iyọ̀ díẹ̀, àti ike onítiipa kan tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà wọlé.

Ìpele 1: Ẹ kọ bí ohùn yín ṣe rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni kí ẹ dán ohùn wò: kí ẹ tó wọ ibi iṣẹ́, ní ọ̀sán, àti lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ máa ṣe é lọ́jọ́ ìsinmi náà.

Àkọ́kọ́, ẹ gbé fóònù sí nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu, kí ẹ ka ìpínrọ̀ kan náà sínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ìkejì, ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ fa “aaa” pẹ̀lú ohùn tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ títí èémí á fi tán. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ kọ èyí tó gùn jù sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 25 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn le máa ń jẹ́. Ìkẹta, ẹ fa “sssss” kó tán, kí ẹ wá fa “zzzzz” bí ìgbà tí oyin bá ń kùn. Kò yẹ kí iye àáyá méjèèjì jìnnà síra. Bí “s” bá jẹ́ 20 tí “z” sì jẹ́ 14, ẹ pín 20 sí ọ̀nà 14, ó jẹ́ 1.4. Bó bá ti tó 1.4 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lemọ́lemọ́, ó ṣeé ṣe kí tán-án-ná má máa pa ẹnu dé dáadáa. Ìkẹrin ni mo kà sí jù: ẹ gbé ohùn sókè ju ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ lọ, kí ẹ wá rọra sọ “ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀” bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Bí tán-án-ná bá wú, ibi ohùn òkè tó rọ̀ yìí ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Á máa já, tàbí kó jẹ́ èémí lásán ni yóò máa jáde. Ẹni tó bá ń pariwo kò ní mọ̀, torí ariwo máa ń bo wíwú mọ́lẹ̀.

Ẹ fi máàkì 0 sí 10 sí àárẹ̀ ọ̀fun. Ẹ kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú yàrá lọ́jọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ṣé wọ́n gbálẹ̀ ni, ṣé wọ́n rẹ́ pákó, ṣé amúlétutù wà ní títàn, ṣé ẹnì kan fín lọ́fínńdà.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* wọ́n máa ń dán ohùn wò lọ́jọ́ tó bá burú nìkan, wọn ò wá ní ní ọjọ́ tó dáa tí wọ́n lè fi wé e. Àwọn mìíràn ń gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fóònù kan, ibì kan, ìpínrọ̀ kan.

*Àyẹ̀wò:* ó yẹ kí ẹ ti ní ó kéré tán ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta àti ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ lákọsílẹ̀. Bí ohùn bá dáa lọ́jọ́ ìsinmi tó sì ń wálẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ọjọ́ iṣẹ́ náà ni ọjọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ẹ lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ wá ọjọ́ kan tí ẹ máa sọ̀rọ̀ bákan náà ní yàrá mìíràn tó mọ́, tàbí ní ìta tí kò léruku. Bí ohùn ò bá há níbẹ̀, afẹ́fẹ́ yàrá ibi iṣẹ́ ni ẹjọ́ ń bọ̀ wá bá.

Ìpele 2: Ẹ jẹ́ kí eruku fara hàn

Eruku tó ń ṣe ohùn ní jàm̀bá kì í sábà fara hàn lójú lásán. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó nǹkan bíi maikíróònù 70 (maikíróònù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Eruku tó ju 10 lọ ló sábà ń mọ sí imú, ọ̀nà ọ̀fun àti gògóńgò. Èyí tí kò tó 2.5 máa ń wọlé lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó tóbi, tí àwọn ènìyàn kì í kà sí, ló ń bà lé tán-án-ná.

Ẹ pa iná, ẹ fa aṣọ fèrèsé, kí yàrá ṣókùnkùn nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sórí nǹkan ní ìwọ̀n gíga àyà, kó tan kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dúró sẹ́yìn tọ́ọ̀ṣì. Ẹ lọ sí òdìkejì, kí ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi páálí bo ojú iná kó má baà wọ̀ yín lójú, kí ẹ wá wo inú ìmọ́lẹ̀ náà. Ibi tí ẹ rò pé ó mọ́ á kún fún àmì funfun tó ń yí bírí. Ẹ ní kí ẹnì kan nu pátákó, kí ó gbọn aṣọ, kí ó ṣí àpò, kí ó tan fáànù. Ẹ wo èyí tó mú kí ìmọ́lẹ̀ náà kún bí èéfín. Ẹ kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwo dúdú mẹ́rin kalẹ̀ fún wákàtí 24: ọ̀kan sí ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, ní ìwọ̀n gíga ẹnu, ọ̀kan sí abẹ́ amúlétutù tàbí fáànù, ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tó ń mú eruku wá. Ẹ fi ìka kan fa ìlà sójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá hàn kedere, eruku ibẹ̀ pọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ máa nílò rẹ̀.

*Ìkìlọ̀:* bí ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ka eruku afẹ́fẹ́, ẹ fi ìdíwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2021 wé e: fún wákàtí 24, maikirogíráàmù 15 nínú mítà onígun mẹ́ta kan fún PM2.5 (eruku tí kò ju maikíróònù 2.5 lọ), àti 45 fún PM10 (èyí tí kò ju 10 lọ). Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í rí eruku ńlá dáadáa. Ó lè kọ nọ́ńbà tó dáa sójú nígbà tí eruku ṣọ́ọ̀kì tàbí ti sìmẹ́ńtì ń bọ́ sí yín lọ́fun. Bí tọ́ọ̀ṣì àti àwo bá sọ pé eruku wà, ẹ gba tiwọn gbọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè fọwọ́ sọ ohun kan tàbí méjì pàtó: “Ibí yìí ló ti ń wá.” Bí ẹ bá ṣì ń sọ pé “eruku wà káàkiri,” ẹ tún tọ́ọ̀ṣì tàn.

Ìpele 3: Ẹ pa á níbi tó ti ń wá

Bí ìpele yìí bá yọrí sí rere, ìyókù á rọrùn. Bí kò bá yọrí, ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ lọ́jà ò ní gbà yín.

Pátákó ṣọ́ọ̀kì: ẹ má fi dọ́sítà gbígbẹ nù ún. Aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tí ẹ sì fún dáadáa ni kí ẹ lò. Ẹ máa nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀, kì í ṣe síwá sẹ́yìn. Kí olùkọ́ má sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń nu pátákó, torí ìgbà yẹn gan-an ni ẹnu rẹ̀ wà nínú eruku.

Iṣẹ́ pákó, òkúta, sìmẹ́ńtì: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú kàn. Tí wọ́n bá ń gé òkúta tàbí táìlì, kí omi máa ṣàn sí ojú abẹ. Eruku òkúta sábà ń ní sílíkà (ohun líle tó wà nínú yanrìn) nínú, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bàjẹ́ títí láé, kó tiẹ̀ tó kan ohùn; ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Fún pákó, ẹ lo páìpù tó ń fa eruku. Gbogbo ènìyàn ló ń gbé páìpù yìí jìnnà jù. Bí ẹnu páìpù bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹ bá gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 10 sí ibi tí eruku ti ń yọ, ìyára afẹ́fẹ́ tó dé ibẹ̀ á ti kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ẹnu páìpù. Ní sẹ̀ǹtímítà 30, ariwo lásán ló kù. Ẹ sún un mọ́ ọn.

Ìyẹ̀fun tàbí ohun mìíràn tó dà bí lẹ́búlẹ́bú: ẹ rẹ̀ ẹnu àpò sílẹ̀ wọnú ohun tí ẹ ń dà á sí, kó má jábọ́ láti òkè. Ẹ má gbọn àpò tó ti ṣófo; ẹ rọra ká a.

Aṣọ àti òwú: ẹ má fi páìpù afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kúrò lára aṣọ tàbí lórí tábìlì iṣẹ́. Kò lọ níbì kan. Ó kàn gbéra láti ibi tó fìdí lé wá sí ẹnu yín ni.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ ẹ̀dà ìwé: ẹ gbé e jìnnà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Bí lẹ́búlẹ́bú dúdú inú rẹ̀ bá dà sílẹ̀, aṣọ tútù àti omi tútù ni. Omi gbígbóná á mú un yọ́ mọ́ nǹkan, ẹ̀rọ tó ń fa eruku lásán á sì fọ́n èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ padà sínú yàrá.

Ohun mìíràn wà tí kì í ṣe eruku, tó sì ń ta tán-án-ná: lọ́fínńdà, òórùn atasánsán tí wọ́n ń fọ́n sínú yàrá, ọ̀dà tuntun, èéfín sìgá, èéfín jẹnẹrétọ̀. Ẹ kó wọn kúrò. Ẹ má da omi fífọ aṣọ funfun tó ní kílóríìnì pọ̀ mọ́ ohun tó ní amóníà tàbí ásíìdì láéláé. Afẹ́fẹ́ tó máa ń jáde níbẹ̀ ń jó gògóńgò àti ẹ̀dọ̀fóró.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tún tọ́ọ̀ṣì tàn nígbà tí iṣẹ́ kan náà ń lọ. Kí ìmọ́lẹ̀ tó dà bí èéfín tẹ́lẹ̀ wá di àmì díẹ̀ tó ń já bọ́. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ má lọ sí ìpele tó kàn.

Ìpele 4: Ẹ fi omi tọ́jú yàrá, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ

Ìgbálẹ̀ gbígbẹ wà lára ohun tó ń pa ohùn nínú ilé iṣẹ́. Eruku tó jẹ́ maikíróònù 10 ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó já láti ìwọ̀n gíga ẹnu dé ilẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó jẹ́ maikíróònù 1 lè lo ìdajì ọjọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbálẹ̀ ní aago 7:50 tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní aago 8:00, èyí tí wọ́n gbá sókè ni ẹ ń mí. Kí wọ́n máa tọ́jú yàrá lẹ́yìn iṣẹ́, ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ wọ ìbòmú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè: orí kọ́bọ́ọ̀dù, ewé fáànù, orí férémù fèrèsé, lẹ́yìn náà tábìlì, ilẹ̀ ni kó gbẹ̀yìn. Fún ewé fáànù, ẹ wọ àpò ìrọ̀rí tó ti gbó sí i lọ́rùn, kí ẹ sì fà á bọ̀. Gbogbo eruku á dúró sínú àpò náà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí ẹ fi ń ṣan aṣọ. Tí omi ìṣan bá ti dúdú, ẹ dà á nù. Ẹni tó ń fi omi dúdú nulẹ̀ ń pín eruku kiri ni, yóò sì gbẹ padà di eruku lọ́la.

Asẹ́ inú amúlétutù: ní ibi tó léruku, ẹ máa yọ ọ́ fọ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì, kó sì gbẹ délẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Èyí tó ṣì tutù á bu, yóò wá máa fẹ́ òórùn náà sí yín lójú. Fún kápẹ́ẹ̀tì, bí kò bá ṣeé ká kúrò, ẹ̀rọ tó ń fa eruku tó ní asẹ́ HEPA ni kí ẹ lò. HEPA gidi ń mú 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún eruku tó jẹ́ maikíróònù 0.3. Èyí tí kò ní i ń fa èyí tó tóbi, ó sì ń fẹ́ èyí tó kúnná jáde lẹ́yìn.

*Àyẹ̀wò:* lọ́jọ́ kejì, ẹ fi aṣọ funfun nu orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ tún gbé àwo dúdú mẹ́rin síbi tí ẹ gbé wọn sí, fún wákàtí 24, kí ẹ fi fọ́tò tuntun wé ti àkọ́kọ́.

Ìpele 5: Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pààrọ̀

Amúlétutù tó wà lára ògiri kì í sábà mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló ń yí po, tó ń mú tutù, tó sì ń fa ọ̀rinrin rẹ̀ gbẹ. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kojú síra. Bí ọ̀kan ṣoṣo ló wà, ẹ gbé fáànù sí i, kó kọjú síta, kó máa ti afẹ́fẹ́ yàrá jáde. Ẹnu ọ̀nà ni tuntun á gbà wọlé. Àwọn ènìyàn máa ń kọ ojú fáànù sínú, lórí ara wọn, á wá gbé eruku láti ilẹ̀ lọ sí ẹnu wọn.

Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ CO2, ìta máa ń jẹ́ nǹkan bíi 420 ppm (ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan). Nínú yàrá tí ènìyàn wà, tí kò bá ju 800 lọ, ó dáa; tó bá ti kọjá 1,000, afẹ́fẹ́ ò pààrọ̀ tó. Èyí ń sọ̀rọ̀ nípa ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ nìkan, kò sọ nǹkan kan nípa eruku.

Lọ́jọ́ tí ìta gan-an bá kún fún eruku, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ lo ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó tó nìyí: yàrá tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní 4, tó ga ní 3, inú rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́ta 60. Kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè kọjá nínú asẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún ní wákàtí kan, 60 lọ́nà 5 jẹ́ 300. Ẹ wá CADR (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mímọ́ tí ẹ̀rọ ń tú jáde) lára páálí ẹ̀rọ náà. Kó tó 300 mítà onígun mẹ́ta ní wákàtí kan. Bí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ sì yẹra fún èyí tó ń ṣe òsóònù, torí òsóònù fúnra rẹ̀ ń ta ọ̀nà èémí.

*Ìkìlọ̀ kan tí wọn kì í sọ tó:* ariwo. Bí ẹ̀rọ bá ń hó, ẹ máa gbé ohùn sókè láìmọ̀. Ẹ lè fi eruku sílẹ̀ kí ẹ sì fi ariwo pa ohùn. Ẹ tan gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí ẹni tó wà ní mítà kan sí yín. Bó bá ní kí ẹ tún un sọ, ẹ dín fáànù kù tàbí kí ẹ gbé e jìnnà. Kí afẹ́fẹ́ amúlétutù má sì fẹ́ tààrà sí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi okùn òwú kan kọ́ ìwé tíṣù sí ẹ̀bá fèrèsé tí fáànù ń ti afẹ́fẹ́ gbà jáde, àti ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà. Ti fèrèsé gbọ́dọ̀ máa fì síta, ti ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ máa fì sínú.

Ìpele 6: Ọ̀rinrin

Láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ohùn ti ń gbádùn. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 30, ọ̀fun á gbẹ. Tó bá kọjá 60 lemọ́lemọ́, ara ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, kòkòrò inú eruku á sì máa pọ̀.

Ẹ dán ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀rinrin wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kó dà bí yanrìn tútù, kó má ṣàn. Ẹ gbé òun àti ẹ̀rọ náà sínú ike onítiipa fún wákàtí mẹ́jọ. Ìdá 75 ló yẹ kó kọ. Bó bá kọ 70, ẹ mọ̀ pé ó ń fi 5 dín.

Bí yàrá bá gbẹ, ẹ lè lo ẹ̀rọ tó ń fọ́n ìrì. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ń fi ìgbọ̀nrìrì fọ́n omi, tí ẹ sì bu omi ẹ̀rọ tó ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú sí i, iyọ̀ yẹn á gbẹ nínú afẹ́fẹ́ di lẹ́búlẹ́bú funfun: ẹ̀yin fúnra yín lẹ tún ń ṣe eruku. Omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ dà padà sí omi ni kí ẹ lò. Ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, kí ẹ fọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Abọ́ omi tí wọ́n ń gbé sí igun yàrá kò ṣe tó ohun tí a lè kà.

Omi mímu náà ńkọ́? Omi tí ẹ gbé mì kì í kan tán-án-ná rárá. Ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà. Bó bá kàn án, ẹ máa húkọ́ ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ló gbà dé ibẹ̀, ó sì ń pẹ́. Ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ohùn bá há. Ìrì ló ń kan tán-án-ná lójú ẹsẹ̀: ẹ rọra mí ooru omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, kí ọmọdé má sí nítòsí, torí omi gbígbóná tó dà nù ń jó ènìyàn gan-an.

*Àyẹ̀wò:* ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀rinrin sílẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án fún ọjọ́ márùn-ún. Kó má jáde kúrò láàárín 40 sí 60.

Ìpele 7: Ìbòmú

Ìbòmú ló gbẹ̀yìn, kì í ṣe òun ló ṣíwájú. N95 ń mú ó kéré tán 95 nínú ọgọ́rùn-ún eruku kéékèèké, FFP2 ń mú 94. Ti aṣọ àti ti bébà tó ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń jẹ́ kí eruku gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Irùngbọ̀n tó wà lábẹ́ etí ìbòmú ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ìka méjèèjì tẹ irin orí imú kó bá imú yín mu. Ìbòmú eruku kì í dá òórùn kẹ́míkà dúró. Ẹ má sọ̀rọ̀ gígùn nínú rẹ̀: ohùn á máa wọlẹ̀, ẹ á máa tì í. Ẹ jáde síta, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, kí ẹ mí jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ afẹ́fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ imú tàbí lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ tún un wọ̀. Bó bá ti tutù, tó ti dọ̀tí, tàbí tó ti ṣòro mí nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìpele 8: Ẹ tọ́jú ọ̀fun lójúmọ́ iṣẹ́

Lẹ́yìn iṣẹ́ eruku, ẹ fi omi iyọ̀ ṣan imú. Gíráàmù 9 iyọ̀ tí kò ní àyọ́dìn nínú lítà omi kan. Omi náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó hó fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, tó sì ti tutù, tàbí èyí tí wọ́n gba ooru rẹ̀ dà padà sí omi. *Ẹ má bu omi ẹ̀rọ tààrà sí imú.* Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Naegleria fowleri, tó ń gba imú lọ sí ọpọlọ, tó sì sábà ń pa ènìyàn.

Ẹ dá “ẹhẹ̀n, ẹhẹ̀n” dúró. Nígbàkígbà tí ẹ bá ṣe é, ẹ ń gbá tán-án-ná mọ́ra wọn, wọ́n á wú, kelebe á tún pọ̀, ẹ ó tún fẹ́ ṣe é. Ẹ gbé itọ́ mì pẹ̀lú agbára, tàbí kí ẹ mu omi ẹnu kan, tàbí kí ẹ rọra kùn “m̀m̀m̀”. Fífọ̀rọ̀wérọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe ìsinmi ohùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìsinmi. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́yìn wákàtí kan tó kún fún ọ̀rọ̀ á ṣe ju súìtì oníminti lọ, torí mínti kì í mú ọ̀fun rin, ó kàn ń mú kó dà bí ẹni pé ó tutù.

Bí ẹ bá ń lo oògùn tó ń dá imú ṣíṣàn dúró, ẹ rántí pé ó ń gbẹ ọ̀fun. Ẹni tó ń fa oògùn ikọ́-fée kó máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Ìpele 9: Ẹ tún dán ohùn wò, ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún ìpele 1 ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohùn ọ̀sán gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohùn àárọ̀, “aaa” kò gbọdọ̀ kúrú ju ti tẹ́lẹ̀, “ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀” gbọ́dọ̀ jáde láìjá.

Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kó fi ẹ̀rọ wo tán-án-ná gan-an. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ẹ bá ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, bí kókó bá wà lọ́rùn, bí ìrora bá ń gun etí, bí oúnjẹ bá ń há, tàbí bí ẹ bá ń mu sìgá. Bí èémí bá ń dún tàbí tó ń há, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, lójú ẹsẹ̀. Bí ikọ́ àti àyà-fífún bá ń wá lẹ́nu iṣẹ́ tó sì ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ sọ ọ́ fún dókítà pẹ̀lú: ó lè jẹ́ ikọ́-fée tí iṣẹ́ fà.

Ẹ mú ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn lọ, fọ́tò àwo dúdú, àti orúkọ gbogbo lẹ́búlẹ́bú àti kẹ́míkà tó wà níbi iṣẹ́. Ẹ béèrè ìwé ààbò tó máa ń bá kẹ́míkà wá lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Ẹ̀dà ìwé kan náà ni kí ẹ gbé síwájú ọ̀gá nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò tàbí kí wọ́n yí àkókò ìgbálẹ̀ padà. Ẹ gbé fọ́tò àwo ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lé orí tábìlì kẹ́yìn.